ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ẹ MÁ FI Ọ̀DÀ BO PÁKÓ TÚTÙ

*Bíbélì kíkà:* Léfítíkù 14:33-48

 

Ìjọ wa ní ọkọ̀ ojú omi kan tí a fi ń lọ wàásù ní àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Fáíbà ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó ìdí ọkọ̀ tí wọ́n de ẹ́ńjìnnì mọ́, plywood ló wà nínú rẹ̀, fáíbà kàn bò ó ni. Lọ́dún tó kọjá, awakọ̀ wa pè mí pé omi pupa bíi tíì ń jò láti ihò nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ Sátidé la sì fẹ́ lọ ṣe ìsọjí. Mo ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i, kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Ọkọ̀ dán gbinrin! Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwa mẹ́sàn-án wà lórí omi nígbà tí pátákó náà yẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fì sẹ́yìn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Awakọ̀ yára pa ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá la fi ti ọkọ̀ dé èbúté. Ọmọdé méjì wà nínú wa. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún o.

Bàbá tó ń kan ọkọ̀ mú òòlù kékeré, wọ́n ń gbá ara pátákó náà díẹ̀díẹ̀. Níbi tó dára, ó ń dún ko, ko. Níbi tó ti jẹrà, ó ń dún bọ̀ọ̀. Wọ́n lu ihò kéékèèké sí i láti inú: ìyẹ̀fun pákó tó jáde tutù, ó dúdú, ó ń rùn bí ohun tó kan. Mo ní, "Bàbá, tí a bá sá a sóòrùn ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ajíhìnrere, oòrùn lè gbẹ omi, kò lè sọ pákó tó ti jẹrà di tuntun. Èyí tó jẹrà, ẹ jẹ́ ká gé e. Èyí tó kàn tutù, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù fún un."

Wọ́n ṣí fáíbà inú, wọ́n ha èyí tó jẹrà dànù, wọ́n gbé ọkọ̀ sábẹ́ páànù, wọ́n tan fáànù sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí pé epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń pò, kì í di pákó tútù mú dáadáa. Ìgbà tó gbẹ ni wọ́n tó lẹ plywood tuntun mọ́ ọn, tí wọ́n fi fáíbà bò ó. Ihò nọ́ọ̀tì tí omi gbà wọlé ńkọ́? Wọ́n lù ú fẹ̀, wọ́n fi epoxy dí i, wọ́n wá lu ihò tuntun sáàárín rẹ̀, kí omi má bàa kan pákó mọ́. Ọ̀dà ló kẹ́yìn pátápátá.

Ṣé ẹ rí i nínú Léfítíkù? Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ mú ilé, àlùfáà kò ní kí wọ́n yára rẹ́ ẹ. Wọ́n á tì í fún ọjọ́ 7, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á yọ òkúta tó lárùn, wọ́n á ha ògiri, wọ́n á fi òkúta mìíràn sí i. Rírẹ́ ilé ló kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, "ó ti tán" tí a máa ń sọ nínú ilé, ọ̀dà ni nígbà mìíràn. Èmi àti àbúrò mi jà lórí ilé bàbá wa. Ọdún méjì gbáko la fi ń bọ ara wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún, tí a ń ya fọ́tò, tí inú wa ń jẹrà. Níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe ni mo ti pè é. Mi ò sọ pé "jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀." Mo sọ ohun tí mo ṣe gan-an: mo gbowó lọ́wọ́ ayálégbé, mi ò fún un ní tiẹ̀. Ó bínú, ó gé fóònù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó pè padà. Mo ti ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A ò tíì gbẹ tán, ṣùgbọ́n a ti ṣí i.

Kí ni ẹ̀yin kùn lọ́dà? Ẹ gbá a wò lónìí, kó tó di àárín omi.

*Àdúrà:* Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti ṣí ohun tí mo bò, àti sùúrù láti dúró títí yóò fi gbẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín. 🙏