Kékeré Ìrókò

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Àgbàlagbà ni mo fẹ́ fi bá wí lónìí, lórí ìlera ọmọ nílé-ẹ̀kọ́.

Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní ìlànà ìlera ilé-ẹ̀kọ́ lákọsílẹ̀. Omi tó mọ́ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìlera náà wà níbẹ̀. Ìwé dára. Ṣùgbọ́n ẹ ya ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa wò: kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápò olùkọ́, igbó ni ti akẹ́kọ̀ọ́. “Ẹ fọ ọwọ́ yín” wà lójú pátákó, ẹ̀rọ omi ti gbẹ. Ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù á kúkú jókòó sílé.

A mọ̀ ọ́n ṣe o, nígbà tó bá wù wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 la bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ má bàa dé bá wọn lágbà.

Ẹ̀yin òbí, nípàdé PTA tó ń bọ̀, ẹ béèrè omi kẹ́ ẹ tó dáwó aṣọ ọdún.