Ta Ni Ó Sọ Fún Un Pé Dúdú Kò Dára?

Ẹ ka: Orin Sólómọ́nì 1:5-6, Númérì 12:1-10, Dáníẹ́lì 1:8-16

Ẹ̀yin olùfẹ́, ọmọbìnrin tí ẹ óò kà nípa rẹ̀ nínú Orin Sólómọ́nì lówùúrọ̀ yìí mọ ohun tí ó mú kí àwọ̀ òun dúdú. Kò pè é ní ègún. Ó ní oòrùn ni ó pa òun, nítorí pé àwọn ọmọ ìyá òun fi òun ṣe olùtọ́jú ọgbà àjàrà. Ẹnu kan náà ni ó fi sọ pé òun lẹ́wà. Àwọn ìyá wa ní Odò-Ọ̀wà àti Ìlọ́fà tí wọ́n ń bá oòrùn yí lóko ẹ̀gẹ́ yóò mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹsẹ kẹfà kà dáadáa. Ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe tẹjú mọ́ òun. Àwọn kan ti ń wò ó, tí wọ́n ń mú un ṣàlàyé àwọ̀ ara rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Bí a bá ń wàásù nípa bíbó ara, ẹni tí ó ń bó o ni a máa ń kọjú sí. Oníwàásù á ní ojú Fanta, ẹsẹ̀ Coke; ìjọ á rẹ́rìn-ín, arábìnrin náà pàápàá á fi ẹ̀rín bojú. Láti 1976 tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti kọrin Yellow Fever ni a ti ń fi àwọn abóra ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ náà kò tíì gba ike ìpara kan kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè mi ni pé, ǹjẹ́ òun nìkan ni ó ní ẹjọ́ í jẹ́ níwájú Ọlọ́run?

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń ki ènìyàn. Wọ́n ki ẹni dúdú ní adúmáadán, wọ́n ki ẹni pupa ní apọ́nbéporẹ́, wọn kò fi ọ̀kan bú èkejì. Títí di òní ni àwọn ìdílé kan ń jẹ́ Dúdúyẹmí. Àwa ńkọ́? Bí ọmọkùnrin wa bá ní òun ti rí ìyàwó, kí a tó bèèrè bóyá ó bẹ̀rù Ọlọ́run ni a ti bèèrè bóyá ó pupa. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun jáde, a ó tẹ etí rẹ̀ wò kí a lè mọ irú àwọ̀ tí yóò ní, ẹnìkan á sì kígbe pé, "Yéè, ọmọ òyìnbó ni!" Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí ó dúdú wà nídùúró, ó ń gbọ́. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá fẹ́ ya fídíò, ẹ wo àwọn tí a ń tò síwájú. A ó wá dìde lọ́jọ́ Sunday, a ó ní ìwà lẹwà. Ọmọdé tí ó gbọ́ méjèèjì mọ èyí tí a gbàgbọ́.

Míríámù sọ̀rọ̀ sí Mósè nítorí obìnrin ará Kúṣì tí ó gbé níyàwó. Bíbélì kò sọ pé àwọ̀ obìnrin náà ni ó ń bú, n kò ní fi kún un. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ó la ẹnu ni Ọlọ́run bá wí, ara tirẹ̀ sì ni ó di funfun bí yìnyín. Aya Mósè kò rí ìbáwí kankan gbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ike náà wò. Ohun dúdú tí ó wà nínú awọ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin, kì í ṣe àbàwọ́n. Agboòrùn ni; ó ń gba agbára oòrùn kí ó má baà ba inú awọ jẹ́. Hydroquinone àti máàkúrì tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara abóra ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe é. Bí hydroquinone bá pẹ́ lára, ohun tí a sá fún ni yóò padà wá: ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka lè dúdú bí aró, ó sì ṣòro láti mú un kúrò. Máàkúrì ń gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kẹta ni steroid, oògùn gidi tí dókítà ń kọ fún àìsàn awọ fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá fi ń para lójoojúmọ́ fún oṣù gbọọrọ, awọ á fẹ́lẹ́, ara á ya, ọgbẹ́ kò ní tètè jinná, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì lè tẹ̀ lé e. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, awọ rẹ̀ lè má gba òwú dáadáa.

Ní oṣù Fébúárì 2023, ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, kéde pé ọ̀rọ̀ ìpara abóra ti di pàjáwìrì ìlera ní Nàìjíríà. Ẹ óò tún máa gbọ́ pé 77 nínú 100 obìnrin wa ni ó ń bóra. Iye yẹn wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2011, ṣùgbọ́n ìwádìí láàrin àwọn ọlọ́jà ní Èkó, tí a tẹ̀ ní 2002, ni ó ti wá. Èkó kì í ṣe Odò-Ọ̀wà, kí a má ṣe fi nọ́ńbà purọ́ lórí pẹpẹ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ mọ́tò láti Ìlọ́fà dé Òmù-Àrán mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn kan á ní, "Ara mi ni, owó mi ni mo fi rà á." Pọ́ọ̀lù ti dáhùn fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé a ti fi iye kan rà wá. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Máàkúrì kì í dúró sí ara ẹni tí ó pa á. Ó wà lára aṣọ ìnura àti ìrọ̀rí, ó sì wà ní àyà tí ọmọ ọwọ́ ń sùn lé. Àwọn ìyá mìíràn tilẹ̀ ń fi ìpara náà pa ọmọ fúnra rẹ̀, kí ó má baà dúdú. Ta ni a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀?

Ọlọ́run kò lòdì sí ìtọ́jú ara o. Oṣù 12 ni wọ́n fi tọ́jú Ẹ́sítérì, oṣù mẹ́fà pẹ̀lú òróró òjíá nìkan. Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀wà, wọ́n mu omi, nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹwàá ojú wọn dán ju ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ọsàn àti omi mímu kò jìnnà sí wa. Oorun tí ó tó ń ṣe awọ lóore, sìgá ń bà á jẹ́. Lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀, ẹ fi òrí tàbí àdín pa á. Kànrìnkàn líle tí a fi ń ha ara bí ìkòkò kò wúlò. Bí ẹ bá ń lọ sóko, ẹ dé fìlà ńlá tàbí akẹtẹ̀. Àfín tí ó wà láàrin wa ni ó nílò èyí jù, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn, nítorí oòrùn lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ fún un; ẹ fún un ní àyè lábẹ́ ìbòòji kí ó tó bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má ṣe fi ìtìjú pa á mọ́. Ẹ gbé ike náà lọ han dókítà, pàápàá bí ó bá ní steroid, nítorí bí a bá dá a dúró lójijì, ara lè pọ́n kí ó sì wú. Bí ẹ bá rí calomel tàbí mercurio lára ike, máàkúrì ni. Bí kò bá sì ní àkọlé rárá, ẹ má rà á.

Àwa yòókù ńkọ́? Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wá sí ilé wa lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a fi etí rẹ̀ sílẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, fún àwọn tí wọ́n ń po ìpara yìí tà ní ọjà wa ní òwò mìíràn tí wọn yóò fi bọ́ ọmọ wọn.