Ta Ni Ó Ni Ìyókù Inú Àwo?

Bí a bá rí ẹnì kan tí ó da ìdajì àwo ìrẹsì sínú garawa ìdọ̀tí, tí a sì bá a wí, ìdáhùn tí ó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Owó mi ni mo fi rà á." Ẹni tí ó ń bu ṣíbí ṣúgà márùn-ún sínú ife tíì kan yóò sọ pé, "Ẹnu mi ni, ikùn mi sì ni." Ọ̀rọ̀ méjèèjì dàbí òtítọ́. Kò sí èyí tí ó jalè nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Síbẹ̀ ó yẹ kí á wádìí ọ̀ràn náà wò nínú kíláàsì wa: ǹjẹ́ ohun tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà lè jẹ́ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní jíhìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwa Onítẹ̀bọmi. Ní ọdún 1792, William Carey, tí ó jẹ́ aṣebàtà àti olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lọ sí Íńdíà ní 1793, tẹ ìwé kékeré kan jáde láti rọ àwọn ìjọ pé kí wọ́n rán oníwàásù lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ nípa ìwé náà. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ṣúgà wà nínú rẹ̀. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dẹ́kun jíjẹ ṣúgà tí ó ń ti erékùṣù West Indies wá, nítorí pé àwọn ẹrú ni wọ́n fi ń ṣe é. Carey yìn wọ́n pé wọ́n ti yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kò dúró níbẹ̀, ó tún ṣe ìṣirò owó: ìdílé tí kò fi nǹkan mìíràn rọ́pò ṣúgà náà ń rí sísì kan fi pamọ́ lọ́sẹ̀, àwọn mìíràn ń rí ṣílè kan. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ ran iṣẹ́ ìhìnrere lọ́wọ́.

Ẹ wo bí ọkùnrin yìí ti ronú. Kò gbà pé inú ikùn ẹni ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ parí sí. Ó wo ẹ̀yìn ṣíbí, ó rí ẹni tí ó gé ìrèké. Ó wo iwájú rẹ̀, ó rí ẹni tí owó ṣíbí náà lè ràn lọ́wọ́. Àwa Yorùbá ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jùlọ. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí oko ìrèké Cuba ní ọ̀rúndún 19, àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ogun tí ó tú ilẹ̀ Yorùbá ká nígbà náà ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrú. Wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, tí òun náà jẹ́ ilẹ̀ ìrèké. Ní Cuba, ọdún 1886 ni òfin tó fi òpin sí oko ẹrú. Ní Bràsíìlì, ó di 1888. Ẹni tí ó ń po ṣúgà sínú tíì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ayé ìgbà náà kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n baba-ńlá ẹnì kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ẹ̀gbá ni ó ń bẹ nínú ife òun.

Ìyẹn ti kọjá, ṣùgbọ́n ìbéèrè Carey kò kọjá. Ta ni ó wà ní iwájú ṣíbí tiwa lónìí?

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn kan jáde ní 2015, pé ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú oyin àti omi èso, kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ ń fún wa ní ojúmọ́. Wọ́n ní bí a bá lè dín in kù dé ìdá 5, ó tún sàn jù. Fún àgbàlagbà, ìdá 5 yìí jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 25, èyí ni ṣíbí ìpotíì 6. Nísinsin yìí, ẹ mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100. Ìgò tí ó gba sẹ́ńtílítà 35 yóò ní nǹkan bí gíráàmù 35 nínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí 9, kí á tó wá ka ti ògì àárọ̀ àti ti gààrí ọ̀sán. Òfin ìsúná tí Nàìjíríà ṣe ní 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Èmi kò rò pé náírà mẹ́wàá dá ẹnikẹ́ni dúró.

Kí á má sọ àsọdùn o. Ṣúgà nìkan kọ́ ni ó ń fa àtọ̀gbẹ. Ìran tí a ti wá wà níbẹ̀, ara sísan jù wà níbẹ̀, ìjókòó sójú kan sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójoojúmọ́ ń fi kún ewu náà, eyín ọmọ tí ó ń lá ohun dídùn ní gbogbo ìgbà yóò sì jẹrà. Nígbà tí àtọ̀gbẹ bá sì dé, kì í ṣe ikùn ẹnì kan ni ó ń dé sí. Owó oògùn rẹ̀ ni ó ń jẹ owó ilé-ìwé ọmọ. Ìyàwó ni ó ń wẹ egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná. Ẹni tí ó ní "ikùn mi ni" kò tíì bi wọ́n léèrè.

Àwọn baba wa kò kórìíra ohun dídùn. Oyin àti ìrèké wà níbi ìsọmọlórúkọ wa, ṣùgbọ́n ìtọ́wò ni. Wọ́n fi kan ẹnu, wọ́n fi ṣe àdúrà, àwo oyin kan ṣoṣo sì yí gbogbo ilé ká. (Àwọn dókítà ti kìlọ̀ pé kí á má fi oyin kan ẹnu ọmọ tí kò ì pé ọdún kan, nítorí náà kí ìyá rẹ̀ bá a tọ́ ọ wò.) Lónìí, níbi ìsọmọlórúkọ yẹn kan náà, kéréètì ni a fi ń ka ohun dídùn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí orí àwo ìrẹsì. Òwe kan wà tí mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń gbèjà ìfiṣòfò: "Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé." Wọ́n ní ìwà àgbà ni kí á máa ṣẹ́ oúnjẹ kù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí rẹ̀ tí àgbà fi ń ṣẹ́ oúnjẹ kù? Ọmọdé kan dúró nítòsí tí ojú rẹ̀ wà lára àwo, òun ni yóò palẹ̀ mọ́, òun ni yóò jẹ ìyókù, òun náà ni yóò sì ru igbá. Ìyókù àgbà ní ajogún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rúùtù ṣe ní oko Bóásì: ó jẹ, ó yó, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù, nígbà tí ó sì di ìrọ̀lẹ́, ó mú un jáde fún Náómì nílé. Òfin tí ó ní kí olóko má kórè igun oko rẹ̀ tán, ti aláìní àti àlejò ni ó ń rò. Olúwa wa pàápàá, tí ó lè sọ ìṣù àkàrà márùn-ún di púpọ̀, kò sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé kí wọ́n jẹ́ kí àjẹkù wà nílẹ̀ nítorí pé òmíràn wà níbi tí èyí ti wá. Ó ní kí wọ́n kó o jọ, ó sì kún agbọ̀n méjìlá.

Ìyókù tiwa kò ní ajogún mọ́. Ẹ jẹ́ kí á dé ibi ìnáwó òkú àgbà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ àlejò tirẹ̀, ẹbí ìyá ń bọ́ tiwọn, ẹgbẹ́ ń bọ́ tiwọn. Ẹnì kan ṣoṣo yóò jókòó, àwo ìrẹsì méjì yóò dé iwájú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín yóò tẹ̀ lé e, iyán àti ẹ̀fọ́ yóò tún dé. Kò lè jẹ ẹ́ tán, kò sì lè kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí ó gbé e wá yóò ní ó rí òun fín. Nígbà tí ó bá dìde, egungun, pépà ìnuwọ́ àti ìrẹsì ti dà pọ̀, inú àpò náílọ́ọ̀nù dúdú ńlá ni gbogbo rẹ̀ sì ń lọ. A máa ń pe èyí ní ìlawọ́. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé kí wọ́n má sọ pé oúnjẹ kò kárí níbi òkú ìyá lágbájá. Ọlọ́wọ́ líla ń wo ebi àlejò. Ẹni tí ó ń sá fún ìtìjú ń wo ẹnu aráyé. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí ìyókù.

Kí á má sì di gbogbo rẹ̀ ru ìnáwó. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí àyíká ṣe ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2024. Ní ọdún 2022 nìkan, oúnjẹ tí a dànù káàkiri ayé, nínú ilé, ní búkà àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń tà á, ju bílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù lọ, ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ sì ti inú ilé wá. Wọ́n ka èèpo àti egungun mọ́ ọn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣe é jẹ. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dànù nílé ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ àti ní ilẹ̀ tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 7 lọ lọ́dún. A ti ń rò pé àrùn òyìnbó ni. Àwọn ìyá wa tí kò ní ẹ̀rọ amúǹkantutù sọ iṣu di èlùbọ́, wọ́n sọ ilá di orúnla, wọ́n sì fi èèpo bọ́ ewúrẹ́. Àwa tí a ní ẹ̀rọ náà ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì pa pọ̀, iná mọ̀nàmọ́ná a lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì da ìkòkò nù.

Ìbéèrè kan wà tí ó le ju èyí lọ. Bí kò bá dára kí á dànù, ṣé kí á jẹ ẹ́ tán ni? Ìyá tí ó ti yó, ṣé kí ó máa fi àjẹkù àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́nu kí ó má bàa ṣòfò? Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí a ṣí ìgò fún láìbi í, ṣé kí ó mu ún tán nítorí pé owó ti bá a lọ? Ìdáhùn mi ni pé ara ènìyàn kì í ṣe garawa ìdọ̀tí. Ohun tí kò ṣe ara ní rere ti ṣòfò kí ó tó dé ọ̀fun. Bí a gbé e mì, a kàn kó òfò náà láti inú àwo lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni ibi tí a ti ṣí ìgò náà láìbéèrè, àti ní ọjà, àti ní ẹnu ìkòkò nígbà tí a ń bu oúnjẹ. Níbẹ̀ ni ojúṣe méjèèjì ti bára wọn mu: ẹni tí ó bu ìwọ̀n kò ní dànù, kò sì ní jẹ àjẹjù. Nítorí náà kí á bu díẹ̀, kí ẹni tí kò yó tún bu. Kí á gbé ṣúgà sọ́tọ̀, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ú, ẹni tí ó ń bu márùn-ún kí ó bu mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí. Omi sáà ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò nílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì tí ó sùn sórí tábìlì di ọjọ́ kejì nínú ooru lè mú inú run. Kí á má pe fífi irú rẹ̀ ta aláìní lọ́rẹ ní àánú.

Kí á tó ṣe ìkórè tí ń bọ̀, kí àwọn tí ń sètò oúnjẹ jókòó kí wọ́n tó lọ sí ọjà, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn opó àti àwọn arúgbó tí kò lè jáde wá sí ìsìn. Kí á wá abọ́ onídèérí, kí á bu tiwọn sọ́tọ̀ kí á tó bu ti àlejò kìíní, kí omi tútù sì wà lórí gbogbo tábìlì kí kéréètì tó jáde. Ta ni nínú kíláàsì yín ni yóò gbé abọ́ wọ̀nyí lọ, ta sì ni ó mọ ilé wọn?