Ta Ló Yẹ Kó Fún Ta Ní Èènì?

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àwọn àgbà tó to oúnjẹ nípò nípò báyìí mọ̀ pé láti orí iyán títí dé orí gúgúrú, ọwọ́ ẹnì kan ló ń gbé e dé iwájú ẹlòmíràn. Ojú tí olóúnjẹ fi gbé e wá wà lára adùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì kan tó ń ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yà sí Òkukù kí àwọn èrò lè fi nǹkan panu. Òǹkọ̀wé yìí wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò rí oúnjẹ náà bá wí: iyán wọn kúnná, kò ní kókó kankan, ẹ̀fọ́ wọn ń ta sánsán. Bàbá kan tó jọ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì jẹ tirẹ̀ tán, ó ṣan ọwọ́, ó sì fa ₦2,000 yọ fún oúnjẹ ₦1,700. Ọmọbìnrin tó gba owó náà kò wo ojú rẹ̀.

"Bàbá, kò sí ṣéńjì o." Ó ti kọjú sí tábìlì mìíràn kó tó sọ ọ́ tán.

Bàbá dúró. Awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fọn ọ́n. Etí owó ọgọ́rùn-ún náírà mẹ́ta tàbí mẹ́rin yọ jáde nínú àpò épírọ́ọ̀nù ọmọ náà, omi ọwọ́ rẹ̀ ti rin wọ́n. Nígbà tó rí i pé bàbá ń wo àpò náà, ó fi ọwọ́ bò ó. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, bàbá. Ẹ fi ṣe wá lóore."

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, "igba náírà ni mo ti fẹ́ fún ọ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. O ti gbà á kí n tó fún ọ."

Ó wọ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jáde ní Òkukù.

Owó tí oníbàárà fi ń dúpẹ́, èyí tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní tíìpù, kò ní orúkọ kan pàtó lẹ́nu àwọn èèyàn níhìn-ín. Wọ́n á ní "mú ṣéńjì yẹn", tàbí "fi ra omi mu", tàbí "owó kólà rẹ nìyẹn". Ẹni tó ni owó ló ni ẹnu tí wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹni tó yẹ kó gbà á bá wá di ẹni tó ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọmọ yẹn jèrè ọgọ́rùn-ún náírà lórí ohun tí bàbá ì bá fún un, ó sì pàdánù àdúrà àgbà, ó pàdánù oníbàárà.

Nínú òwò Yorùbá, ọwọ́ òǹtà ló kọ́kọ́ ń là. Ẹni tó ra àkàrà mẹ́wàá kì í kúrò nídìí agbada kí alákàrà tó mú ẹyọ kan lé e. Ẹni tó ra gààrí, wọ́n á bù ú kún kóńgò títí yóò fi ga ṣóńṣó, wọ́n á tún fi ọwọ́ bu díẹ̀ sí i. Èènì nìyẹn. Ọ̀nà tí òǹtà fi ń sọ fún òǹrà pé "ẹ tún padà wá" ni, ọ̀pọ̀ ìyá kì í sì í rán ọmọ lọ sọ́jà láìkìlọ̀ fún un pé kó má gbàgbé rẹ̀. Bùkà àtijọ́ ní tirẹ̀ náà, ọbẹ̀ ni. Ìyá olóúnjẹ á wo àwo, á rí i pé òkèlè kù ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ti tán, á bu ṣíbí kan wá láìjẹ́ kéèyàn pè é. Kò sí owó lórí rẹ̀. Ta ló wá yí i po, tó fi jẹ́ pé òǹrà ni wọ́n ń fi tipátipá gba èènì lọ́wọ́ rẹ̀?

Wọ́n á ní owó kéékèèké ló wọ́n. Láyé owó ẹyọ, kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó gbé ọ̀kẹ́ wá sọ́jà lè tú u títí yóò fi kan ẹyọ kan ṣoṣo. Ó wúwo lóòótọ́, ó ń dá ọrùn lágara, ṣùgbọ́n ẹyọ mẹ́ta tó bá kù fún èèyàn, yóò rí i gbà. Owó òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2007, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì jáde. Wọn ò pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Owó bébà náírà márùn-ún àti mẹ́wàá ń tẹ̀lé wọn lọ. Nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, owó gidi di ohun àwátì, àwọn èèyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Bí olóúnjẹ bá sọ pé kò sí ṣéńjì nígbà náà, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Owó padà dé, gbólóhùn náà kò lọ.

Ó ti ní ẹ̀ka báyìí. Olóúnjẹ á fún àjèjì méjì ní ẹgbẹ̀rún náírà kan, á ní "mo so yín pọ̀, ẹ lọ pín in níwájú", nígbà tí ọ̀kan ń lọ sí Ìkìrun tí èkejì sì dojú kọ Ọ̀fà. Àwọn mìíràn á fi súìtì méjì tàbí omi inú ọ̀rá dípò ọgọ́rùn-ún náírà, láìbéèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ oníbàárà. Ẹni tó bá ní òun á fi fóònù sanwó kí ọ̀ràn ṣéńjì má baà sí, wọ́n á ní àláàtì ò tíì wọlé, á dúró, ọbẹ̀ á gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá lo POS, wọ́n á yọ ọgọ́rùn-ún náírà mìíràn fún ẹ̀rọ. Gbogbo ọ̀nà ló já sí àpò kan náà. Bẹ́ẹ̀ òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, sọ pé òǹtà kò gbọdọ̀ gba ju iye tó kọ síta lọ. Olóúnjẹ tó kọ ₦1,700 sára pátákó tó sì gba ₦2,000 ti ta oúnjẹ ẹgbàá náírà, ohun yòówù kó pe ìyókù.

Ká ṣírò rẹ̀ wò. Bí ogún èèyàn bá fi ọgọ́rùn-ún náírà sílẹ̀ lójúmọ́, ₦2,000 nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù sọ ọ́ di ₦52,000. Àwọn wo ni wọ́n ń gba irú owó yẹn lọ́wọ́ wọn? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní ọgbà Òkukù wà lára wọn, àwọn tó ń pín ₦1,000 sí méjì kí wọ́n lè jẹun àárọ̀ àti alẹ́. Ọgọ́rùn-ún náírà wọn kì í ṣe ohun tí a ń gbàgbé sórí tábìlì.

Nǹkan yìí kò mọ sí bùkà, ó ti gba gbogbo ìlú. Ẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù á ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè sú oní-mọ́tò. Ẹni tó ń ṣí géètì á kí èèyàn kú òpin ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́bọ̀, ìkíni náà á sì dúró lójú rẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi wọ àpò. Ní ọ́fíìsì, fáìlì kì í rìn àfi tí wọ́n bá fi nǹkan tì í. Ìkíni, èyí tó jẹ́ ẹwà Yorùbá, ti ń di owó ibodè. Ojú ń tini láti tọrọ nílé tí a ti tọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ọmọ tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò, ìyá rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ o, ojú lásán ni yóò fi wò ó, ọmọ á dá a padà. Ojú yẹn dà? Àwọn ìyá tó ní in ni a ń sin, a kò sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ká padà sídìí tábìlì.

Òkukù ni ìlú tó yẹ kó mọ ọ̀nà tí ẹ̀bùn ń gbà jáde. Oríkì wọn ló fa Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àárín àwọn ọdún 1970, tó fi bá wọn gbé, tó sì kọ ìwé "I Could Speak Until Tomorrow" tó jáde ní ọdún 1991. Ẹni tó bá ti rí àwọn obìnrin ilé níbi ìnáwó mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á pe èèyàn, wọ́n á pe baba ńlá rẹ̀, orí rẹ̀ á wú, ọwọ́ rẹ̀ á wọ àpò fúnra rẹ̀. Ohùn ló ń ṣáájú, owó ló ń tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni olóúnjẹ tó mọṣẹ́. Ìyá kan wà ní Ìkìrun tí òǹkọ̀wé yìí ti jẹun nídìí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí àgbàlagbà bá wọlé, yóò ní "Ẹ kú ìrìn, bàbá, ẹ kú oòrùn", yóò fi búútà da omi sí i lọ́wọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Yóò ṣí ìkòkò kí oníbàárà fúnra rẹ̀ nawọ́ sí ẹran tó wù ú. Kí òkèlè àkọ́kọ́ tó dé ẹnu, ṣéńjì ti wà lábẹ́ ife omi, ó ti kà á pé. Kò sí ìgbà tí a jẹun níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń tì í padà fún un. Inú dídùn ní í mú orí yá, ẹni tí wọ́n sì fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í háwọ́.

Àwọn àgbà tó wọ reluwé tó ń gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin ní irú ìtàn kan náà. Àwọn ọlọ́jà á gbé oúnjẹ wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣí kí wọ́n tó ka owó tán, wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ṣéńjì lọ́wọ́, títí wọn yóò fi jù ú wọlé. Wọn ò mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì lè má rí i mọ́ láé.

Owó oṣù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò ṣeé fi ọwọ́ bò. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi owó oṣù tó kéré jù sí ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Bùkà wo ní Òkukù, Ìkìrun tàbí Ìníṣà ló ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Ọ̀gá tó ń san owó táṣẹ́rẹ́ tó sì ń di ojú sí ṣéńjì tí wọ́n ń há mọ́wọ́, òun ló rán wọn níṣẹ́. Irú rẹ̀ wà lókè òkun, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ jáde. Láti ọdún 1991, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fàyè gba kí ọ̀gá san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tíìpù, bí tíìpù bá lè gbé e dé iye tí òfin là kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá tó bá jẹun ní Houston fi ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún owó oúnjẹ sílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, pé gbogbo tíìpù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ní Japan wọn kì í fún ni, wọn kì í sì í retí rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń tọ́jú oníbàárà dáadáa.

Àwọn oníbàárà náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ẹni tó ń ta ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, tó ń pè é ní "ìwọ yìí", tó ń tu eegun sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un láti gbá, kò lẹ́nu láti béèrè ọ̀yàyà.

Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, láti Ìníṣà títí dé Òkukù, ẹ san owó ọmọ yín fún un lósù lósù. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó da ẹ̀wà síná, ẹ rán an kó lọ pààrọ̀ ₦10,000 sí ọgọ́rùn-ún àti igba náírà, kó kó o sínú abọ́ kan tí gbogbo èèyàn lè rí.