Akin Euba: Àyàn Lórí Dùùrù

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí Akin Euba ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1935. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ dùùrù, kó tó di pé ó lọ kọ́ orin òyìnbó ní Trinity College of Music, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1952. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé lè fojú aláìmọ̀wé wo onílù. Ti Euba kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana, ní Legon, ìlù dùndún ló ṣèwádìí lé lórí, ó sì gboyè náà ní 1974. Àgbà nídìí dùùrù wá di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn àyàn. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan kọ́ ni ìtẹríba ọmọlúàbí. Ìtẹríba náà tún ni kí ẹni tó mọ̀ gbà pé ẹlòmíràn mọ̀ ju òun lọ. Ìwé rẹ̀ lórí dùndún, Yoruba Drumming, jáde ní 1990.

Kó tó di ọ̀mọ̀wé ló ti kọ Igi Ńlá So, ní 1963, fún dùùrù àti ìlù Yorùbá mẹ́rin. African pianism ló pe ọ̀nà tí dùùrù fi ń hùwà bí ìlù: ọwọ́ kan á máa tẹ ohun kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ bí omele, èkejì á sì máa dá àrà lórí rẹ̀ bí ìyáàlù. Ẹni tó ti gbọ́ ìlù níbi ìnáwó ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, lọ́nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n, kò níí ṣàì dá ọgbọ́n náà mọ̀.

Àbùkù kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣá. Ọmọlúàbí a máa sọ̀rọ̀ kó yé ará ilé, àmọ́ orin dùùrù rẹ̀, Scenes from Traditional Life (1970), fi ìlànà ohùn méjìlá ti olórin òyìnbó Arnold Schoenberg kún ìró ìlù, kò sì dùn létí ẹni tí jùjú àti orin ìjọ tọ́ dàgbà. Síbẹ̀, kí orin le kì í ṣe àrífín. Èyí tí ìbá burú ni kó jí ọgbọ́n àyàn lò láìdárúkọ wọn, kò sì ṣe é.

Ó ṣiṣẹ́ ní Bayreuth, ní Jámánì, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Pittsburgh láti 1993 títí di 2011. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2020 ló kú, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ọdún 85.