Orí Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Ogbègúndá fún Ẹni Tó Ń Ta Tẹ́tẹ́



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà láti abúlé kan l'Ẹ́gbẹ́dá wá bá mi ní Lálúpọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣe àwúre kan, kí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù mi lè máa wọlé." Owó pákí tí bàbá rẹ̀ ní kó lọ gbà lọ́jà ló ti fi ta tẹ́tẹ́ tán, ó sì ti yá owó lé e. Owó tó kó síwájú mi, kí n má parọ́, ó tó san owó ilé-ìwé ọmọ mi.

Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọlẹ̀. Ogbègúndá ló jáde.

Inú odù yìí la ti gbọ́ pé Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò yà síbì kankan. Orí tó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé, òjò pa á, ó sì ṣí dànù. Afùwàpẹ́ ní òun ò lè kọjá láì rí bàbá òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dífá fún un, tó rú iyọ̀ àti owó, tó sì mú lára rẹ̀ dání. Òun ló fi rí ojú rere nílé Àjàlá, tí Àjàlá fúnra rẹ̀ fi bá a yan orí tó jiná.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, orí yẹn gan-an ni mò ń wá. Ṣebí àwọn kan ń fi eré jẹ owó ńlá."

Òótọ́ ni. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ìtàn náà ni mo fi dá a lóhùn. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, Scrabble ló ń ta. Ègé 100 ló wà nínú àpò eré náà, o ò sì gbọdọ̀ wo inú rẹ̀ kí o tó mú 7. Ilé Àjàlá nìyẹn! Lọ́dún 2007 ní Mumbai, ipò kẹta ló ṣe láyé. Ọdún 8 gbáko kọjá kó tó na Lewis Mackay, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, 4-0 ní Perth ní Australia, ní oṣù kọkànlá 2015, tó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ sórí bí àwa náà ṣe ń kọ́ ẹsẹ odù 256. Wọ́n tún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ló ń dára nígbà gbogbo. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ lẹ́tà 5 péré ni wọ́n á fi lélẹ̀, kí lẹ́tà rere lè kù lọ́wọ́ wọn, kí ọ̀nà má sì là fún ẹnìkejì. Sùúrù nìyẹn.

Lẹ́tà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, orí ni. Ohun tó fi ṣe, ẹsẹ̀ ni. Ifá sọ fún wa níbòmíràn pé àwọn orí pàdé láì pe Ẹsẹ̀, ìmọ̀ràn wọn ò sì yọrí. Ìwọ tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lo gbójú lé. O ò lè gbá a, o ò lè mú un. Kí wá ni àwúre fẹ́ bá ọ ṣe níbẹ̀?

Mo dá owó rẹ̀ padà. Mo ní kó ra iyọ̀, kó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ lóko, kó sì jẹ́wọ́ owó pákí. Ó bínú lọ. Kò tíì padà wá títí tí mo fi ń kọ èyí. Bó bá ń kà á lórí fóònù rẹ̀: ọmọ mi, ilé bàbá ni Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà.

Kí orí wa má ta kò wá, kí ẹsẹ̀ wa má ṣìnà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.