Ṣé Ewé Burúkú Wà? Ọ̀rọ̀ Ọ̀sanyìn àti Ewé Àlejò Tó Bo Ojú Ọ̀sà



Ọ̀pọ̀ yín mọ ìtàn Ọ̀sanyìn àti oko Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà ní kí Ọ̀sanyìn lọ bá òun ro oko. Ó gbé ọkọ́, ó dé oko, kò ro ó. Ewé àkọ́kọ́ tó fẹ́ gé, ó ní èyí ń wo ibà. Ó yí sí òmíràn, ó ní ti inú rírun nìyí. Ti ọmọ bíbí nìyí, ti ajé nìyẹn. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí ẹyọ koríko kan tó lè gé. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà gbọ́, ó mú un sọ́dọ̀ kí ó máa fi iṣẹ́ ewé hàn òun.

Inú ìtàn yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kan dúró sí tí wọ́n fi ń bi mí pé, "Bàbá, bí kò bá sí ewé tí kò wúlò, kí ló dé tí a fi ń ní kí wọ́n kó ewé tó bo ojú ọ̀sà kúrò? Ṣé a gbọ́n ju Ọ̀sanyìn lọ ni?" Ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ewé tí à ń wí. Òyìnbó ń pè é ní water hyacinth. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ìdí ewé náà wú nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, òun ló fi ń léfòó. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó sì rẹwà, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Ẹwà yẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbé e láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ìhà odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n rí i ní odò Badagry, ojú omi ló gbà wọlé láti ìhà Àjàṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi dé Èkó, Ẹ̀pẹ́, títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Bó bá rí oúnjẹ jẹ, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Èso rẹ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó ṣì hù.

Níbi tó bá ti bo omi pa, oòrùn kì í wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ inú omi á dín, ẹja á sá, tàbí kó kú. Ẹ̀fọn rí ibi pamọ́ sí. Ọkọ̀ ojú omi ò lè kọjá, ó ń wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, àwọ̀n apẹja ń ya. Ẹni tó jẹ́ pé omi ni ọ̀nà ọjà rẹ̀, ọ̀nà ilé ìwòsàn rẹ̀, ẹ bá mi ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa Awo jù. Ojú oró àti òṣíbàtà, ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ewé ojú omi tí a fi ń tọrọ kí a lè lékè. Ibi tí wọ́n ń gbé ni ewé àlejò yìí ń gbà. Bó bá bá ojú oró lójú omi kan náà, ó sábà máa ń ga jù ú lọ, á sì ṣíji bò ó títí yóò fi dín. Ẹni tó bá wá já ewé àlejò yìí, tó pè é ní ojú oró, kí ó rántí ìkìlọ̀ tó wà nínú Ìká Òfún fún àwọn àgbà tó fẹ́ gbó, pé kí wọ́n má fi orúkọ nǹkan pe nǹkan mìíràn. Ojú oró kò ní igi ewé. Ewé rẹ̀ tò yíká bí òdòdó, ó rọ̀, ó ní irun wẹ́wẹ́. Òṣíbàtà tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi, gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Èyí tó ń dán, tí ìdí rẹ̀ wú, kì í ṣe ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ó yá, Ọ̀sanyìn ńkọ́? Ẹ padà sínú ìtàn yẹn, kí ẹ wo oko náà dáadáa. Ewé orí ríro wà níbẹ̀, ti ibà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ajé ò jìnnà. Ká ní Ọ̀sanyìn dé oko, tó bá ewé ẹyọ kan ṣoṣo tó ti pa gbogbo ìyókù, orúkọ mélòó ni ì bá rí pè? Lójú tèmi, pípọ̀ tí ewé pọ̀ lóríṣiríṣi ni Ọ̀sanyìn kọ̀ láti fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá fi ìtàn yẹn gbèjà ewé kan tó ń pa ogún ewé, kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Ṣùgbọ́n n kò ní pe ewé náà ní burúkú. Ní ilẹ̀ tó ti wá, àwọn kòkòrò wà tó ń jẹ ẹ́, wọ́n ń mú un ní ìwọ̀n. Wọ́n gbé e wá síhìn-ín, wọ́n fi àwọn tó ń ká a lọ́wọ́ kò sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 1991, àwọn onímọ̀ mú méjì nínú àwọn kòkòrò náà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò pé wọn kì í ṣe jàǹbá fún irúgbìn wa. Ó gba ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ewé náà dín gan-an níbi púpọ̀. Àlejò tí a fi ń ká àlejò lọ́wọ́ kò! Ohun tó yẹ ká ṣe pẹ̀lú ìwádìí àti sùúrù ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré ṣe. Àwọn kan ní Nàìjíríà ń sá igi ewé náà gbẹ, wọ́n ń hun ún ní apẹ̀rẹ̀. Nítorí náà iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ọ̀sanyìn ò purọ́.

Olókun náà ń dá sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi odò bá fà, omi òkun a máa wọ ọ̀sà Èkó. Ewé yìí ò lè fara da iyọ̀, ó ń rọ, ó ń rà. Òjò á tún dé, odò Ògùn á tú omi tí kò níyọ̀ sínú ọ̀sà, ewé á tún ṣàn wọlé. Ọ̀sà Lẹ́kí, tí iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé, kò rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá ń bọ́ ọ? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ìgbẹ́, omi ọṣẹ, ìdọ̀tí gọ́tà, ajílẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò lóko, ìyẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Àwa la sì ń gbé e fún un. Odò Ọ̀ṣun tí a ń kí ní Òṣogbo, ọ̀sà Lẹ́kí ló ń ṣàn lọ; ohun tí wọ́n bá dà sí i lókè, Ọlọ́sà ló ń gbà á nísàlẹ̀. Ẹ fi èérún pákó tí wọ́n máa ń dà sínú ọ̀sà ní Òkò Baba tẹ́lẹ̀ kún un. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn kún un, tó ń da ibi tí ẹja ń yé sí rú. Wọ́n ń gé àwọn igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò wọn dà bí ẹsẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja àti akàn ń dàgbà sí. Mi ò fi ọkùnrin tó ń fi korobá rì wá yanrìn kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó fi yanrìn dí odidi ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà láti kọ́ ilé olówó. Ẹ̀bi wọn ò dọ́gba, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ yín jẹ.

Gbogbo Awo ló mọ̀ pé ẹni tó rú ẹbọ tán, tó tún padà sídìí èèwọ̀ tó ń jẹ, kò ṣe nǹkan kan. Kíkó ewé kúrò lójú omi, ẹbọ nìyẹn. Dída ìdọ̀tí sómi, èèwọ̀ nìyẹn. Ọdọọdún ni à ń rú ẹbọ, ojoojúmọ́ ni à ń jẹ èèwọ̀.

Kí a tó na ọwọ́ sí ìjọba, ẹ wo etídò tí àwa fúnra wa ń gbé ẹbọ lọ: ọ̀rá dúdú, ìgò ọtí, ike, aṣọ tí kò lè jẹrà. Ṣé Ọlọ́sà béèrè ọ̀rá ni? Ifá tó bá ní kí ẹ fún omi ní ẹ̀kọ, àkàrà, obì, oyin, ẹ̀kọ ló ní, kò dárúkọ ohun tí ẹ fi dì í. Àwọn baba wa lo ewé àti igbá, omi ń jẹ ẹ́, ẹja ń jẹ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi fún ẹbọ etídò lóṣù yìí, kó mú ewé eéran tàbí ewé gbódògì dání. Ọtí ni kí ẹ dà sómi, kí ẹ mú ìgò padà wálé. Ọ̀rá tí ẹ bá fi gbé nǹkan dé etídò, ẹ ká a sápò. Bí Awo yín bá ní kí ẹ ju gbogbo rẹ̀ sómi, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé ibo ni Ifá ti wí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.